Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta ní Òpópónà Gorman

"Kà á sókè," Verna Hudak wí, ó na ìwé náà sí ọkùnrin náà nímú. "Ojú ẹ ò fọ́. Kà á kí gbogbo òkè yìí gbọ́."

Ẹnjiníà tí ilé ìjọba ìlú Brannock fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ títì, Kyle lorúkọ rẹ̀, wo ìwé náà bí ẹni tí wọ́n gbé ejò fún. Akoto funfun wà lórí rẹ̀, bàtà rẹ̀ kò sì mọ ẹrẹ̀ rí.

"Mà, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ìwọ lo kọ ọ́? Ó tún dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ irọ́ ló yẹ kó kà á."

Kyle kà á, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "'Iṣẹ́ títì yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀nà yóò máa wà fún àwọn olùgbé nígbà gbogbo.'"

"Ọ̀sẹ̀ mélòó la wà báyìí?"

"Òjò ló dí wa—"

"Mi ò bi ọ́ léèrè òjò. Ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mọ́kànlá, mà."

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá! Wọ́n gbẹ́ òpópónà Gorman láti ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n dí i, wọ́n tún hú ibi tí wọ́n dí nítorí pé ẹnìkan gbàgbé páìpù kan sínú ilẹ̀. Omi á lọ láàárọ̀, á dé lálẹ́, á sì pọ́n bí omi ìpáàrà. Ẹrẹ̀ tọ èèyàn wọ yàrá, ó bá a dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti sọ pé òun kò gòkè mọ́. Àwọn tó ṣe ètò yìí ń gbé níbi tí títì wọn ti ń dán bí dígí, àmọ́ tí o bá pariwo, wọn á ní nítorí ire rẹ ni. Ire wo? Ire tó ń pa èèyàn kó tó dé!

Verna lè gba gbogbo ìyẹn mọ́ra. Ohun tí kò lè gbà ni ti ọjọ́ Ẹtì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Stush ọkọ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin tó wà létí odò, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn á wá gbé e, ẹ̀rọ á fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, wọn á dá a padà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, bọ́ọ̀sì náà dé ìsàlẹ̀ òkè, awakọ̀ rí kòtò, ó sì yí padà. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Stush ti wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Ìjókòó ló fi ń sùn. Tó bá dùbúlẹ̀, á máa mí bí ẹni tó ń rì sómi.

Òní ni ọjọ́ Ajé. Verna ti bá awakọ̀ sọ ọ́: kó gba orí òkè wá ní aago mẹ́wàá, kó dúró síwájú ilé kejì, ilé Concetta Marzullo. Láti ibẹ̀ lọ sórí òkè nìkan ni wọn kò tíì gbẹ́. Lókè ibẹ̀, àtẹ̀gùn òkúta ló kù létí títì, àga onítáyà Stush kò sì lè gùn ún. Àfi bí katapílà ṣe dé ní aago mẹ́jọ, tí Kyle na ìka sí iwájú ilé Concetta gan-an.

"Ètò ti wà nílẹ̀, mà," ni Kyle wí. "Òní la máa ṣí ibẹ̀. Ẹ lè gbé bàbá lọ sísàlẹ̀ òkè, kí bọ́ọ̀sì pàdé yín lọ́hùn-ún."

"Gbé e? Tí wọ́n bá gé Stush sọ́nà méjì, apá kan ẹ̀ á ṣì tóbi jù ọ́ lọ. Ta ló máa gbé e gba inú kòtò? Ìwọ yìí?"

"Ẹ lè pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn."

"Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo pè é! Wọ́n á ní kí n dúró, fèrè ni wọ́n ń fun sí mi létí. Ọkọ mi ń wú, ẹ̀yin ń fun fèrè!"

Rege Tomko tó ń wa katapílà bú sẹ́rìn-ín, ló bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá. Òun ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó wà níbẹ̀, orí òkè yìí kan náà ni wọ́n sì bí i sí.

Verna já wọlé. Stush wà létí fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí méjì.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ètò wà nílẹ̀."

"Ètò." Stush fẹ́ rẹ́rìn-ín, èémí kò jẹ́. "Verna, fi wọ́n sílẹ̀. Tí mo bá fo tòní náà—"

"Pa ẹnu ẹ dé. Tó o bá fo tòní, ọjọ́ wo lo máa tún rí fò?"

Ó gbé àga kan nídìí tábìlì ìdáná, ó sì jáde. Ó gbé e kalẹ̀ gbàgà sáàárín títì níwájú ilé Concetta, ó ká apá mọ́ àyà.

Katapílà ń bọ̀. Ó dé ibi tí ẹnu irin rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àga náà, ó dúró. Rege pa ẹ́ńjìnì.

"Kí ló dé?" Kyle kígbe.

"Àga wà níbẹ̀, ọ̀gá."

"Mo rí i. Gbé e kúrò."

"Níbo lẹ ti wá, ọ̀gá?"

"Arizona. Kí ló kan ìyẹn?"

"Ó hàn. Yìnyín ò sí lọ́hùn-ún." Rege sọ̀ kalẹ̀. "Níbí, tí yìnyín bá bo ilẹ̀, tó o kó o kúrò níwájú ilé ẹ, tó o gbé àga síbẹ̀, àyè mọ́tò ẹ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Bàbá mi ò fọwọ́ kan àga ẹlòmíì rí. Tí èmi bá ṣe é, ìyá mi á jí dìde nínú sàréè."

"Oṣù kẹsàn-án la wà! Yìnyín dà?"

"Àga ni àga, ọ̀gá." Rege wá yíjú sí Verna, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n Màmá, iwájú ilé yín kọ́ nìyí. Ẹ ò lè gbé àga yín síwájú ilé onílé. Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ jù."

Ojú Verna gbóná. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn yẹn lórí òkè Gorman.

Ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ni, nígbà yìnyín ńlá. Ọkọ Concetta kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó kú. Ọjọ́ méjì gbáko ni opó náà fi ṣọ́bìrì kó yìnyín níwájú ilé rẹ̀ lóun nìkan, ó sì gbé àga síbẹ̀. Verna ti ibi iṣẹ́ dé láṣàálẹ́, níbi tó ti ń se oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé, kò rí ibi gbé mọ́tò sí. Ló bá gbé àga Concetta, ó jù ú sọnù. Àga yí dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dá. Lọ́jọ́ kejì, Verna ní afẹ́fẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì tí fèrèsé ìdáná wọn kọjú síra kò tíì kí ara wọn.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo lè fi mu kọfí," ni Rege wí, ó ń ṣí fúláàsì rẹ̀. "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá."

Verna gun àtẹ̀gùn ilé Concetta. Kò tíì kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì tó fi ṣí. Obìnrin náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀ látàárọ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún," Concetta wí. "Mo ti rò pé ikú ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn yìí kí ìwọ tó kàn án."

"Concetta, bọ́ọ̀sì Stush—"

"Mo mọ̀. Mo lójú, mo ní fèrèsé. Mo rí i nígbà tó yí padà lọ́jọ́ Ẹtì."

"O rí i, o ò sì sọ nǹkan kan?"

"Ta ni kí n sọ fún? Afẹ́fẹ́?"

Verna tó kọjú sí ilé ìjọba, tó bú ẹnjiníà bí ẹni bú ọmọ ọ̀dọ̀, wá tẹ orí ba. Ó wo ilẹ̀. Ó wo katapílà. Ó rántí ẹsẹ̀ Stush lórí ìrọ̀rí.

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́," ó wí.

"Mi ò gbọ́."

"Mo ní kì í ṣe afẹ́fẹ́!" Ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ yíjú. "Èmi ni mo jù ú! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi jù ú. Ó ti rẹ̀ mí, inú ń bí mi, mo mọ̀ pé ìwọ nìkan lo kó yìnyín yẹn, mo sì jù ú bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́. Ṣé ó tó?"

Rege ki ẹnu bọ kọfí rẹ̀.

Concetta kò dì mọ́ ọn, kò sì rẹ́rìn-ín. "Dúró síbẹ̀," ó wí. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, ó sì pẹ́ díẹ̀. Àga tó gbé bọ̀ jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní.

"Àga ilé mi nìyí. Gbé tìẹ kúrò, kó o gbé e síbẹ̀."

"Kò lè dúró, Concetta. Orí òkè la wà."

"Ta ló fà á? Dì í mú. Tó bá fi lè ṣubú, kì í ṣe àga mọ́, igi ìdáná ni. Kí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀ wọn lọ."

Ni Verna bá gbé àga ìdáná rẹ̀ kúrò, ó gbé ti Concetta kalẹ̀, ó sì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

"Ó tó gẹ́ẹ́," Kyle wí. Ó na ọwọ́ sí àga náà.

"Ọ̀gá." Rege kò gbé ohùn sókè. "Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, kò sẹ́nì kan nínú wa tó máa gun ẹ̀rọ lónìí."

Kyle wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì pe ilé ìjọba lórí fóònù. Gbogbo wọn dúró. Wọ́n gbọ́ ohun tó ń jáde nínú fóònù náà: fèrè.

"Ṣé ó ń dùn létí ẹ?" Verna bi í. "Dúró dáadáa. Orin kejì ló dùn jù."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn òṣìṣẹ́ ṣubú sínú kòtò. Fèrè náà fun, ó fun, kò sẹ́ni tó gbé e. Kyle pa fóònù.

"Ẹ lọ máa ṣe ìsàlẹ̀," ó wí fún Rege, ó sì kẹ́yìn sí wọn.

Ní aago mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀. Rege àti ẹnìkan tẹ́ pákó sí ojú ẹrẹ̀ láàárín ilé méjèèjì, wọ́n ti Stush kọjá nínú àga onítáyà rẹ̀. Bó ṣe kan ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sára àga yẹ́lò.

"Ti Concetta kọ́ nìyẹn?"

"Dákẹ́. Wọlé."

Bọ́ọ̀sì lọ. Aago mẹ́ta ni yóò tó dá a padà. Verna kò kúrò. Apá ń ro ó, inú sì ń bí i sí Kyle, sí ìlú Brannock, sí Concetta, sí ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Kyle dé. Ẹrẹ̀ ti dé orókùn rẹ̀ báyìí.

"Ẹ lè lọ sinmi, mà. Ó di Ọjọ́rú ká tó padà síbí."

"Ọjọ́rú náà ni ọjọ́ ẹ̀."

Kyle yọ ìwé náà lápò. "Mi ò mọ̀, mà."

"O ò béèrè ni. Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì. Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ọ́ sẹ́yìn irọ́ yẹn."

Ó kọ ọ́. Bóyá yóò ṣe nǹkan sí i, ìyẹn kò hàn lójú rẹ̀, Verna kò sì ní jókòó dúró dè é.

Nígbà tó lọ, Verna rí ègé igi kan létí kòtò. Ó fi ẹsẹ̀ fà á mọ́ra, ó wọ̀n ọ́n sí ibi tí ẹsẹ̀ kẹrin yẹ kó wà. Ó ṣe wẹ́kú. Fèrèsé ṣí lókè.

"Mo ní kó o dì í mú," ni Concetta wí. "Mi ò ní kó o tún un ṣe."

Èsì gbígbóná dé góńgó ahọ́n Verna. Irú èyí tí kì í gbé mì ni. Ó wo igi náà, ó sì fi ẹsẹ̀ ta á padà sínú kòtò.

"Ọjọ́rú ńkọ́?" ó béèrè.

"Wá gbà á ní aago méje àárọ̀. Tó bá ti kọjá méje, mi ò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni."

Fèrèsé padé. Verna fi ọwọ́ òsì pààrọ̀ ọwọ́ ọ̀tún, ó sì di àga náà mú.