Ìlà Méjì Tí Mo Yọ Kúrò

Èmi àti Otília la ṣe áàpù iná igbó tí àwọn abúlé orí òkè wa lápá Coimbra nílẹ̀ Pọ́túgà ń lò. Àwòrán sátẹ́láìtì tí ìjọba ń gbé jáde la fi ń ṣe é: ibi tí iná wà, ibi tó ń lọ, ọ̀nà tí wọ́n ti dí. Ìjọba máa ń kọ aago tí sátẹ́láìtì ya àwòrán náà sísàlẹ̀, wọ́n á tún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi àwòrán yẹn nìkan pinnu bóyá kóun sá tàbí kóun dúró.

Èmi ni mo yọ ìlà méjèèjì. Mo ní wọ́n ń ba ojú máàpù jẹ́.

Otília ní, "Délio, àwọn èèyàn á rò pé ìsinsìnyí ni wọ́n ya àwòrán yẹn o."

"Ìwọ náà kẹ̀! Ta ló ń ka lẹ́tà tíntìntín yẹn?"

Ó kàn mi orí.

Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, igbó páìnì òdìkejì odò gbiná. Zeferino, bàbá àgbà kan tó ń sin oyin, wà nílé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Zulmira. Ìyẹn ti jókòó sínú mọ́tò aládùúgbò wọn.

Ó pariwo pé, "Zeferino, wọ mọ́tò ká máa lọ jàre!"

"Fara balẹ̀, obìnrin yìí. Fóònù ní iná ò tíì sọdá. Jẹ́ n bomi sí àyíká ilé oyin, màá bá yín níwájú ṣọ́ọ̀ṣì."

Aago mẹ́ta ọ̀sán nìyẹn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán tó ń wò lórí áàpù wa. Iná ti sọdá tipẹ́.

Lọ́jọ́ kejì làwọn panápaná rí òkú rẹ̀.

Mo lọ bá Zulmira nílé àbúrò rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀wà tútù.

"Àǹtí Zulmira, aago wà lára àwòrán yẹn tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ṣé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gùn ni?"

"Rárá, Àǹtí."

"Gbogbo nǹkan ni Zeferino máa ń kà. Tó bá ra oògùn, á ka ara páálí rẹ̀ tán kó tó lò ó." Ó mú ẹ̀wà mìíràn. "Máa lọ sílé, Délio."

A dá ìlà méjèèjì padà lọ́jọ́ yẹn, gàdàgbà, lókè pátápátá. Otília nìkan ló ń bójú tó áàpù náà báyìí. Àwọn ará abúlé ṣì ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, torí Zulmira ò sọ fún ẹnì kankan.