Títí Wọn Yóò Fi Já A Lẹ́nu Ọmú

…kí ló tún jókòó tì báyìí? Ṣebí ó ti rí ohun tó wá wò. Ó ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì níta, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi abẹ̀bẹ̀ lu itan. Àǹtí Àmúdàtù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń ti Yábàá wá sílé bàbá mi ní Múṣin níbí, tó máa ní òun kàn yà kí Ìdíátù ni. Kíkí wo. Ẹnu ọmọ ló wá wò.

Mu ọmú, Ìdíátù. Mu ún, jọ̀ọ́.

Adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ló ní: "Títí a ó fi parí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ yìí, kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, títí wọn yóò fi já a lẹ́nu ọmú. Kí bàbá máa fi owó oúnjẹ ránṣẹ́." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mi ò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ lé lórí.

Torí Mùktárù ọkọ mi gbọ́n. Télọ̀ tó ń rán kakí fáwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè l'Óyìngbò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ kó má tó oníǹkan. Owó oúnjẹ ò dé. Mo ránṣẹ́ sí i, èsì tó fún mi… "Bó bá ṣì ń mu ọmú, kí ló fẹ́ fi owó oúnjẹ ṣe? Bó bá sì ti ń jẹun, wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú nìyẹn, kó máa bọ̀ nílé bàbá ẹ̀." Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Bí mo bá bèèrè oúnjẹ, ọmọ lọ. Bí mo bá di ọmọ mú — ebi.

Ọmọ tó ti ń sáré, tó mọ orúkọ gbogbo ará ilé, ọmú wo ló máa yó o? Ọmú tó ti… rárá, mi ò fẹ́ mọ ọjọ́ tó gbẹ. Owó irun tí mò ń dì ni mo fi ń ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Màá ti ilẹ̀kùn, màá ta aṣọ sójú fèrèsé, màá máa fi í sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, màá fi etí ìró nu ẹnu ẹ̀. "Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lo jẹ ńkọ́?" "Ọmú." "Ọmọ mi ni ọ́." Tó bá wá di ọjọ́ Jímọ̀, n kì í fún un ní nǹkan kan títí Àǹtí yóò fi dé.

Ìyá mi ní kí n fi ewúro pa ọmú, kí n já a bí wọ́n ṣe ń já ọmọ ẹlòmíràn, kí n gbé e fún bàbá ẹ̀. "Ọmọ kì í sọnù sílé bàbá ẹ̀." Àbí? Èmi tí mo gbé ilé ọ̀hún ńkọ́? Mùktárù ò lù mí rí. Ì bá lù mí ni, ǹ bá rí nǹkan fi han adájọ́. Ṣíṣọ́ ló ń ṣọ́ mi. Nínú ilé yẹn, n kì í bu òkèlè, n kì í rẹ́rìn-ín, láìkọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn. Ó sú mi. Èmi ni mo kọ̀ ọ́, òun kọ́ ló kọ̀ mí, mi ò sì ní gbé ọmọ mi fún irú ilé bẹ́ẹ̀ láyé.

Bí Ìdíátù ṣe ṣe é lónìí… Àǹtí tú àkàrà gbígbóná nínú ewé, ó nà án sí i. "Ìdíátù, ọmọ mi, gbà, jẹ." Òórùn ẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ wo àkàrà, ó wo Àǹtí, ó mirí. Ó sáré wá bá mi, ó fa bùbá mi sókè, ó ki ẹnu bọ ọmú. Díẹ̀ ló kù kí n jó. Mo gbé e wọ yàrá, mo fa kọ́tìnnì, mo jókòó sórí ẹní, ibẹ̀ náà la ṣì wà.

Àǹtí ti dìde. Bàtà ẹ̀ ń lọ… ó dé etí gọ́tà… ó ti lọ. Alhamdulilahi. Jímọ̀ kan tún ti kọjá.

Àmọ́ kí ló dé tí ọmú ò dùn mí? Ọmọ tí ebi ń pa látàárọ̀, ṣe ló yẹ kó máa fà á kíkankíkan. Mo wolẹ̀. Kò mu nǹkan kan. Ó kàn fi ètè lé e lásán, ẹnu ẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ojú ẹ̀ là kedere. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń bi mí bóyá wọ́n ti lọ.

Wọ́n ti lọ, ọmọ mi. Mo jáde, mo mú àkàrà tí Àǹtí fi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi í lé e lọ́wọ́. Jẹ ẹ́. Kò sẹ́nì kankan mọ́. Jẹ ẹ́, mo wà níbí.

Ó gbà á. Ó gbé e dé ẹnu… ó dúró. Ó yí ọrùn padà. Ilẹ̀kùn ló ń wò. Ó kọ́kọ́ ń wo ilẹ̀kùn ná, bí mo ṣe máa ń wò ó gẹ́lẹ́ nílé bàbá ẹ̀ —

Mùktárù kọ́ ló kọ́ ọ.