Ẹ Má Pè É ní Pàǹtí

Nígbà tí obìnrin náà gbé ọmọ tuntun dé láti ilé ìwòsàn, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti kún pálọ̀. Wọ́n ń kí i kú ewu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, olúkúlùkù ń nawọ́ láti gba ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ tó ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, fà á lọ́wọ́ lọ sí yàrá kékeré ẹ̀yìn.

"Ìyàwó, wá wo nǹkan tá a ṣe fún ẹ."

Wọ́n ti kun yàrá náà ní ọ̀dà funfun. Ibùsùn ọmọ wà láàárín, igi rẹ̀ ń dán. Obìnrin náà wo ìdí ògiri, ó wo abẹ́ fèrèsé, ó tún wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bí ẹni pé kọ̀ǹpútà mẹ́ta lè sá pamọ́ síbẹ̀.

"Àwọn kọ̀ǹpútà mi ńkọ́?"

"Pàǹtí yẹn?" Àǹtí Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "A ti fún onírin. Eruku ara wọn nìkan tó láti fún ọmọ ní ikọ́."

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí fi ń jẹun ni títọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì àwọn olómi ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ yàtọ̀ síyẹn. Òun àti àwọn kan tí wọ́n fọ́n káàkiri ló jọ ń ṣe ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ètò tó ń jí i nígbà tí wọ́n bá tàn án, tó ń jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sí i. Ẹni tó bá wù ú ló lè gbà á. Nínú ẹgbẹ́ náà, tirẹ̀ ni láti rí i pé ètò yìí ò wúwo ju ohun tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè gbé lọ. Kí ẹ̀dà tuntun tó jáde, orí àwọn mẹ́ta yẹn ló ti máa ń dán an wò. Ó tiẹ̀ sọ wọ́n lórúkọ. Arúgbó ló dàgbà jù. Aláriwo ní fáànù tó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Onírójú ò ní mẹ́mórì tó tó nǹkan, àmọ́ kò kọṣẹ́ rí. Ohun tí àwọn mẹ́ta yìí bá gbé, kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní gbé e. Ẹ̀dà tuntun sì ti fẹ́ jáde.

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn wọ́n?"

Àwọn tó wà ní pálọ̀ rọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

"Ìyàwó, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ wọ ilé onílé, ẹ kó ẹrù ẹlẹ́rù. Tí mo bá wá sílé yín tí mo kó ìkòkò yín fún onírin, ṣé ẹ máa kí mi kú iṣẹ́?"

"Ìkòkò ń se oúnjẹ," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi dá a lóhùn. "Kí làwọn yẹn ń sè?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló da epo síná. Obìnrin náà ò mọ ìgbà tó la ẹnu sọ pé, "Àṣejù ni baba àṣetẹ́, mà."

Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ìyàwó ilé sọ sí àgbà ti jáde, ẹyin sì ni ọ̀rọ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì mú báàgì rẹ̀. Àwọn yòókù dìde tẹ̀ lé e, ọ̀kan gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ bí ẹni dá ẹrù padà. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó mọ bí wọ́n ti ń fi igi sọ̀rọ̀ ju bí wọ́n ti ń fẹnu sọ ọ́ lọ, dúró ti ibùsùn ọmọ, ó ń fi ìka ra etí rẹ̀. Gbogbo ohun tó rí sọ ò ju "Ẹ ṣe sùúrù" lọ.

Obìnrin náà pe alága ẹgbẹ́ tó ń ṣe ètò náà lórí fóònù, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí wọ́n sún ìjáde ẹ̀dà tuntun síwájú díẹ̀.

"Ó mà ṣe o," ni alága wí. "Àbí Ọlọ́run ló fi ń sọ fún wa pé ká jù wọ́n sílẹ̀? Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí ń fà wá sẹ́yìn. Ta ló tún ń lò wọ́n?"

"Obìnrin tó ń kọ orúkọ àwọn aláboyún sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Ètò wa ni mo bá lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, orí ẹ̀ ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí ọmọ mi sí. Ẹ lọ bá a, kí ẹ sọ fún un pé ó ń fà yín sẹ́yìn."

"Kí wọ́n ra tuntun."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa rà á fún wọn?"

"Ẹ sinmi, ìyá ìkókó. Ara yín ò tíì le."

Ó pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá ìkókó! Láti ọjọ́ tó ti wà nínú ẹgbẹ́, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọmọ sáyà, ó forí lé ọgbà onírin. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọ́n bá onírin lórí táyà, ó ń fi òòlù lu nǹkan. Wọ́n ti tú inú Arúgbó síta, wọ́n ti yọ bàbà inú rẹ̀. Aláriwo ti di wẹ́wẹ́, fáànù rẹ̀ wà lórí òkìtì irin, atẹ́gùn ń yí i, kò sì kùn mọ́. Onírójú nìkan ló ṣẹ́kù lábẹ́ páànù, igun rẹ̀ kan ti ṣẹ́.

"Obìnrin tó kó wọn fún yín," ló bi onírin, "ṣé kò sọ fún yín pé ó ní ẹni tó ni wọ́n?"

Onírin wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo òun. "Ìyá yẹn kẹ̀? Ìyá yẹn ò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Ó bi ọ̀gá yìí, ó tún bi í, pé ṣé ìyàwó ẹ ò ní lò wọ́n mọ́? Ọ̀gá ní rárá. Ọ̀gá gan-an ló bá mi gbé wọn sórí ọmọlanke."

Obìnrin náà yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni." Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. "Ó ti sú mi! Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ wú, ìdí wọn lo wà. Mo bá ẹ sọ̀rọ̀, o ní kí n dúró, Aláriwo ń tàn bọ̀. Mo dúró títí. Àwọn tí kò mọ̀ ẹ́ rí ló ń jẹ ìgbà wa run. Mo ní tí ọmọ bá dé, kó bá ìyá ẹ̀ nílé."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ. O ò gbọ́."

"Ó dáa. Àná ńkọ́? O dúró ti ibùsùn ọmọ, o jẹ́ kí n bú ẹ̀gbọ́n ẹ lójú gbogbo ayé, o mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é, ẹnu ẹ ò ya!" "Pákó pẹpẹ tí mo ń gbé wọn lé lo sì fi kan ibùsùn ọmọ, àbí?"

Ọkùnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Obìnrin náà fún un lọ́mú lórí ìdúró láàárín irin, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe ti àánú. Nígbà tí ọmọ yó, ó nawọ́ sí Onírójú. "Gbé e."

Ọkọ rẹ̀ rù ú délé.

Kí obìnrin náà tó tan kọ̀ǹpútà náà rárá, ó lọ kúnlẹ̀ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ó sọ ohun tí onírin sọ fún un. Ìyá náà jẹ́ kó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Kí lo tiẹ̀ pè mí lánàá? Baba àṣetẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mo ń bínú. Dìde, ilẹ̀ tutù, abiyamọ ni ẹ́." Ó mú fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sí i títí àwọn aládùúgbò fi ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tó ṣe tán, ó gba ọmọ. "Mo ṣì ní pàǹtí ni wọ́n o. Ṣùgbọ́n pàǹtí rẹ ni. Máa lọ ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe."

Onírójú tàn, àmọ́ ẹ̀dà tuntun há síbi àwòrán ńlá kan tí àwọn alága fi sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ẹwà lásán. Obìnrin náà ṣe é kí àwòrán náà máa fara pamọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò bá lágbára. Onírójú dìde. Obìnrin náà fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Alága ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí.

"Ẹni tó ń kọ orúkọ nílé ìwòsàn?" ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí nígbà tó gbọ́. "Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn níṣẹ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kún ilé ìwòsàn yẹn. Wọ bàtà ẹ."

Akọ̀wé náà mú wọn wọ yàrá ìkẹ́rùsí, níbi tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà lórí ara wọn bí aṣọ tí wọ́n ká. Bó ti gbọ́ pé obìnrin yìí wà lára àwọn tó ṣe ètò náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin ni! Ẹ ṣeun o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé máa ń sá fún mi? Lójoojúmọ́ ni mo ń bá a ṣe bojúbojú!"

Inú tún fẹ́ bí obìnrin náà. Àmọ́ ó wò ó, ó rí i pé òótọ́ ni, bọ́tìnnì náà fara pamọ́ lóòótọ́.

Wọ́n tan kọ̀ǹpútà kan, wọ́n tan òmíràn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń kọrin fún ọmọ. Ẹ̀dà tuntun gbéra lórí gbogbo wọn. Obìnrin náà pe alága níbẹ̀, ó sọ fún un kó tó gbé fóònù fún akọ̀wé pé, "Ẹ sọ fún un fúnra yín pé kó lọ ra tuntun." Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ni akọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alága, kò sì tètè tán. Ní ìparí, alága ní ẹ̀dà yìí yóò gba àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́ra, pé èyí tó kàn, àwọn á máa wò ó.

"Ẹ máa wò ó," ni obìnrin náà wí. "Èmi náà á máa wò yín."

Ọkọ rẹ̀ kan pẹpẹ tuntun sí pálọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó gbé Onírójú lé e, ó nu ún.

"Ṣé inú ẹ ti rọ̀?"

"Rárá."

Ṣùgbọ́n ó sọ fún un pé ọjọ́ ìsinmi ti di tiwọn báyìí, òun ò ní tan kọ̀ǹpútà kankan lọ́jọ́ náà, nítorí òótọ́ tó sọ lọ́gbà onírin ò jẹ́ kí òun sùn. Ó tún ní bó bá tún kó ẹrù òun jáde láìsọ fún òun, ọmọlanke kan náà ni yóò gbé ọkùnrin náà àti ẹrù rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun gbọ́. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e jáde sí afẹ́fẹ́, obìnrin náà sì jókòó láti wá ibi tí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ń sá lọ.