Ògì Tí Wọn Ò Sẹ́

Ọmọ́níkẹ́ já asẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, omi àgbàdo lílọ̀ sì dà sílẹ̀ ní ilé ìdáná.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Mo ní kẹ́ ẹ má sẹ́ ògì tèmi mọ́."

"Ewúrẹ́ ni mo bí ni?" Màmá nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Ta ló ń fún aláìsàn ní eèrí jẹ? Tí oúnjẹ ọwọ́ mi bá ti sú ọ, màá wọkọ̀ padà sí Ìsánlú lónìí."

Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Lọ́dún tó kọjá, ó bínú kúrò nílé Bánjọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ní Karu, lórí ata tí kò tó nǹkan. Bánjọ ṣì ń bẹ̀bẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀rù jẹjẹrẹ ò ba Ọmọ́níkẹ́ mọ́. Wọ́n ti gé ọyàn rẹ̀ òsì, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì tún ń wa ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti ilé rẹ̀ ní Lokogoma, nílùú Abuja. Ohun tó ń bà á lẹ́rù báyìí ni ilé tí Màmá ò ní sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kò ní tìtorí ìyẹn fi ohun tó mọ̀ pé ó dáa fún un sílẹ̀.

Ó fa àga fún ìyá rẹ̀.

"Jẹjẹrẹ tó mú mi yìí, èròjà inú ara tí wọ́n ń pè ní họ́mónù obìnrin ló fi ń dàgbà. Oògùn mi ló ń dí i lọ́nà. Dókítà wá ní oúnjẹ tó ní eèrí lè bá wa gbá díẹ̀ nínú họ́mónù ọ̀hún jáde pẹ̀lú ìgbẹ́."

"Eèrí á wá wò ọ́ sàn?"

"Rárá o. N ò ní fi oògùn mi sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Màmá."

Màmá jókòó sórí àga náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ọdún tí bàbá yín kú, eèrí ni mò ń fi iyọ̀ sè jẹ. Ẹ̀yin lẹ̀ ń mu ògì. Lọ́jọ́ kan, o bu eèrí yẹn sẹ́nu, mo sì nà ọ́. Mo búra pé kò ní kan ẹnu ọmọ mi mọ́ láé."

Màmá dìde, ó gbọn eèrí inú asẹ́ padà sínú ògì, ó sì tan iná.

"Abọ́ méjì ni kó o mú wá o," ó ní.

Ọmọ́níkẹ́ na ọwọ́ sí abọ́, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Láti kékeré ló ti rò pé Màmá kò fẹ́ràn ògì ni.