Ọjọ́ Tí Wọ́n Wọn Afẹ́fẹ́ Nítorí Àbàtà Wa

Ẹ jókòó, kí n rọ́ àlá tí mo lá lánàá fún yín, nígbà tí oorun ọ̀sán gbé mi lọ. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, èmi ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mo lá a pé akọ̀wé àgbà kan, Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, wá sí abúlé wa. Ó ní àbàtà tí a fi ń gbin ìrẹsì ló ń mú ayé gbóná, àfi kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dí i. Àbàtà yẹn la ti ń jẹun láti ayé bàbá mi. Ni mo bá sáré lọ bá Moyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣèwádìí afẹ́fẹ́.

"Ẹ má jiyàn, Ìyá mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò."

Ó bu afẹ́fẹ́ abúlé wa sínú ìgò, ó dé e. Ìgò náà kí mi: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Mo dáhùn, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wọn afẹ́fẹ́ léfòó lókè pápá bọ́ọ̀lù. Àkàsọ̀ la gùn débẹ̀. Adégbìtẹ́ ti wọ kóòtù jókòó síbẹ̀. Moyọ̀ ṣí ìgò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ di àwọn ìbejì kéékèèké, wọ́n sì ń jáde ní méjì méjì.

"Ọmọ Èédú ni gbogbo wa," wọ́n ní. "Ọ̀kan kàn wúwo díẹ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ ni."

Moyọ̀ ṣàlàyé fún mi: "Afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, tó bá ti inú àbàtà wá, àwọn ìbejì tó fúyẹ́ a pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti iná, àwọn tó wúwo a pọ̀ sí i."

Wọ́n gun òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n lọ sílẹ̀ gbì.

"Iná ló pọ̀ jù," Òṣùwọ̀n wí, ó sì yán.

"Ẹ̀yìn ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ la ti wá," àwọn ìbejì ní, "níbi tí wọ́n ti ń sun ààtàn."

"Irọ́ ni! Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Adégbìtẹ́ ké. Ìwo ti yọ lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kọ́tìnì. Mo bá a yọ okùn kọ́tìnì náà kúrò kó má baà há a lọ́fun.

"Àbàtà yín náà ní díẹ̀ níbẹ̀ o," Moyọ̀ sọ fún mi. "Ẹ máa jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ náà lè dín kù."

"A ó ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

"Mẹ̀ẹ̀, mo gbà," òbúkọ ní. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àbàtà wọn."

Ọ́fíìsì náà bá rọra balẹ̀ sáàárín ìrẹsì wa. Èmi ń sunkún ayọ̀.

"Ìyá Déọlá! Ẹ̀wà rẹ ti ń jóná!" Ọkọ mi ló ń pariwo lójú fèrèsé. Èéfín ti kún ilé bámú. Mo dìde, mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo bu omi sí i.

"Kí lo ń ṣe látàárọ̀?" ó bi mí.

"Ọ̀rọ̀ èéfín náà ni mo ń bá wọn yanjú," mo ní.

Gààrí la mu lọ́sàn-án ọjọ́ náà.