Ọjọ́ Tí Wọn Kò Kà ní Èbúté

Mo ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà nígbà tí àlá ká mi mọ́ lóru àná. N ò mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo ṣáà mọ̀ pé mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan mọ́ àyà, mo sì mọ̀ pé Fadérera ọmọ mi wà nínú rẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta rèé tí ọmọ náà ti wà ní ìlú èbúté kan ní Éṣíà, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò fojú rí rí. Ó ní ilé kò wọ́n níbẹ̀, oúnjẹ kò wọ́n, òkun sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti sọ orúkọ ìlú náà fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì kò jọra létí mi. Láti ọjọ́ tó ti lọ, ojú ẹ̀rọ nìkan ni mo ti ń rí i. Nítorí náà, nígbà tí àlá ní inú ẹ̀rọ ló ń gbé, n ò bá a jiyàn.

"Bàbá mi, ẹ rọra," ó ní. "Ẹ̀ ń gbọ̀n mí jìgìjìgì."

"Pẹ̀lẹ́. Mélòó ló kù?"

"Pásẹ́ǹtì mọ́kànlá."

Bátìrì ni. Bó bá kú, ojú ẹ̀rọ á ṣú, ọmọ mi á sì kù sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Bí ènìyàn ṣe ń mọ nǹkan lójú àlá ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo tún mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìgbélùú rẹ̀. Tí ọjọ́ mẹ́jọ bá pé, wọ́n á lu òǹtẹ̀ ìjáde fún un, ẹ̀rọ á ṣí, á jáde, á bá mi lọ sílé. Mo ti ka ọjọ́ náà. Òní ló pé.

Àkàbà náà kò débi ilẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù onílé Fadérera ló já sí. Màdáámù Lìm ni obìnrin náà ń jẹ́, ó ń ta núdùlù olómi. Mo bá a níbi tó ti ń sá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sórí okùn, ó ń fún omi rẹ̀ dànù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," mo ní.

"Òjò ló pa á," ó ní. "Bó bá gbẹ, kí ẹ wá mú tiyín. Ó wà lára owó ilé."

Yorùbá rẹ̀ dùn bíi ti ará Ìsẹ́yìn. Kò yà mí lẹ́nu.

"Iná ni mò ń wá. Bátìrì ọmọ mi fẹ́ kú."

"Iná ò sí níbí láti àárọ̀. Ẹ wo ilé kọfí tó wà níwájú yẹn. Ibẹ̀ làwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ máa ń jókòó sí."

Mo sọdá. Àwọn ọ̀dọ́ méjìlá ló jókòó ti tábìlì gígùn kan, kálukú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Òyìnbó wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni wọ́n ti fi ṣájà dí. Mo kí wọn. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

"Ọmọ mi," mo sọ fún èyí tó sún mọ́ mi, "yá mi ní sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ díẹ̀."

Ó yọ nǹkan kan kúrò létí. "Bàbá, mo wà nípàdé."

Mo bi èyí tó tẹ̀ lé e. Òun náà wà nípàdé. Mo yọjú wo ojú ẹ̀rọ wọn. Ìpàdé kan náà ni. Wọ́n jókòó ti ara wọn, èjìká kan èjìká, wọ́n sì ń wo ara wọn nínú ẹ̀rọ. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dáhùn pé, "A ò gbọ́ ọ o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ ò dáa."

"Ó wà lápá òsì rẹ," mo sọ fún un.

"Ta ló ń pariwo nípàdé yìí?" ni ọ̀gá wọn béèrè láti inú ẹ̀rọ méjèèjìlá. Gbogbo wọn na ìka sí ẹnu.

Tábìlì náà mí kanlẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ra kọfí kan, kí ẹ fi jókòó wákàtí mẹ́fà?"

"N ò jókòó."

"Ẹ ṣeun. Ẹsẹ̀ mi kan ti yẹ̀. Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n yìí ti gbé ìgbọ̀nwọ́ lé mi láyà láti ìdájí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ́fíìsì òǹtẹ̀ ni kí ẹ lọ tààrà. Iná wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣe kíá. Òkun ti ń fà sẹ́yìn, ọ́fíìsì náà sì máa ń bá a lọ."

"Mélòó?" mo béèrè lọ́wọ́ Fadérera.

"Méje. Mo ti dín ìmọ́lẹ̀ kù, Bàbá mi. Ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí mi mọ́."

Lóòótọ́, ojú rẹ̀ ti ń di òjìji.

Mo sáré dé etí omi. Ọ́fíìsì náà léfòó lójú òkun pẹ̀lú òrùlé àti àsíá rẹ̀. Kò so mọ́ nǹkan kan. Ó ti kúrò létí èbúté, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó jẹun yó. Kò sí ọkọ̀ ojú omi. N ò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ̀rọ gàgàrà kan tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀ tẹ orí rẹ̀ ba, ó wò mí.

"Báwo ni ẹ ṣe wúwo tó?"

"Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin."

"Ẹ fúyẹ́," ó ní. Ó fi ìkọ́ kọ́ mi lọ́rùn agbádá, ó gbé mi gba ojú omi kọjá, ó sì sọ mí sínú ọ́fíìsì náà láti òkè. Mo fi ìdí balẹ̀. Mi ò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan nǹkan kan.

Àwọn ọ̀gá mẹ́ta ló wà lẹ́yìn káńtà. Èyí tó wà láàárín ní irùngbọ̀n ṣóńṣó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, iná rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ṣájà bọ̀ ọ́."

"Tìjọba ni," ó ní. "Ẹ gba nọ́ńbà."

Mo gba nọ́ńbà. Ọ̀kan ni wọ́n fún mi. Wọ́n ń pe òdo. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì náà. Wọ́n pe òdo, òdo kò jẹ́. Wọ́n tún pè é. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ó ń bọ̀. Mo dúró. Fadérera ní, "Márùn-ún," ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ìgbà tó yá, wọ́n pe ọ̀kan.

"Kí lẹ bá wá, Bàbá?"

"Ọjọ́ ọmọ mi pé lónìí. Ẹ lu òǹtẹ̀ fún un kó jáde."

"Ọjọ́ wo ló dé?"

"Àìkú tó kọjá."

Ó fi ìka ka nǹkan lórí káńtà. "Ọjọ́ méje ni. Ó di ọ̀la kó tó pé. Ẹ padà wá lọ́la."

"Mẹ́jọ ni. Àìkú, ọ̀kan. Ajé, èjì. Ìṣẹ́gun, ẹ̀ta. Ọjọ́rú, ẹ̀rin. Ọjọ́bọ̀, àrún. Ẹtì, ẹ̀fà. Àbámẹ́ta, èje. Àìkú òní, ẹ̀jọ."

"Ọjọ́ tí ènìyàn bá dé, a kì í kà á."

"Nílé wa, ọjọ́ tí a bí ọmọ la ti ń ka ìkómọ rẹ̀. Ọjà tó bá ná lónìí, òní la ti ń ka márùn-ún rẹ̀."

"Ibí kì í ṣe ilé yín."

"Kì í ṣe ilé wa. Ọmọ wa ni."

"Ẹ padà wá lọ́la," ó ní.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí mọ iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe wolé-wolé. Àìmọye ènìyàn ni mo ti sọ fún pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kì í ràn án. Ìbéèrè ló máa ń bà á lẹ́rù.

"Ọ̀gá," mo ní, "ọjọ́ tí ẹ ò kà yẹn, níbo lẹ gbé e sí?"

Ó wò mí. "Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí ọmọ mi dé. Ó jẹun lọ́jọ́ náà. Ó sùn lọ́jọ́ náà. Ó pè mí, ó ní òjò ń rọ̀. Bí ẹ ò bá kà á, á wà níbì kan. Mo fẹ́ rí i."

Àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Òógùn bo onírùngbọ̀n. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn sí i. Mo gbọ́ tí nǹkan kan wúkọ́ lábẹ́ káńtà.

"Mo wà níbí o," ni nǹkan náà wí láti inú dúrọ́ọ̀. "Ẹ ṣí i fún mi. Àwa pọ̀ níbí. Gbogbo ẹni tó bá wọ̀lú, wọ́n á gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀."

"Mẹ́ta, Bàbá mi," ni Fadérera wí.

Mo na ọwọ́ kọjá káńtà, mo fa dúrọ́ọ̀ náà. Ọjọ́ náà jáde. Ó kéré, òjò ti pa á, ó ń rùn bí ẹja gbígbẹ àti epo ọkọ̀. Ó ru àpótí tí mo rà fún Fadérera nígbà tó ń lọ. Ó gun orí káńtà, ó sì ní, "Ọ̀kan." Àwọn tó wà lára kàlẹ́ńdà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Èjì," "Ẹ̀ta," títí dé èje. Oòrùn tó wà lójú fèrèsé ní, "Ẹ̀jọ."

"Ó pé," mo ní. "Ẹ lù ú."

Ṣùgbọ́n ọ̀gá onírùngbọ̀n ti di òbúkọ. Àwọn méjì yòókù ti di ewúrẹ́, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ nọ́ńbà tí wọ́n fún mi. Kò bí mi nínú. Mo ti rí irú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé òbúkọ kò lè di òǹtẹ̀ mú.

"Méjì," ni Fadérera wí. N ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Mo di ẹsẹ̀ iwájú òbúkọ náà mú, mo tì í bọ inú yíǹkì. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́," mo ní, nítorí ó kúkú ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fà, èmi náà fà. Àwọn ewúrẹ́ méjì kàn mí nídìí. Mo wo ìta, etí ilẹ̀ ti tín-ín-rín bí òwú. Òbúkọ la ẹnu, ó ní, "Padà wá lọ́la." Ohun kan ṣoṣo tó ṣì lè sọ nìyẹn. Mo fi gbogbo agbára mi tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ.

Òǹtẹ̀ náà mú.

Ojú ẹ̀rọ là díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi igi há. Ọwọ́ kan yọ. Mo rí ìka méjì gbá mú. Wọ́n gbóná.

"Ọ̀kan," ó ní. "Bàbá mi, ṣé ẹ kà á?"

"Mo kà á."

"Ẹ fà mí."

Mo fà. Ojú ẹ̀rọ ṣú.

"Bàbá Fadérera! Ẹ fi mí lọ́wọ́ sílẹ̀ ná! Iṣu ń bẹ lórí iná!"

Ìyá rẹ̀ ni. Ó wá jí mi, ìka rẹ̀ méjì ni mo dì mú. Ilẹ̀ ti mọ́. Ní Àìkú tó kọjá ni Fadérera pè wá pé òun ń bọ̀ wálé, ó ní ọjọ́ mẹ́jọ lòun yóò dé. Ìyá rẹ̀ kà á, èmi náà kà á. Òní ló bọ́ sí. Mo wẹ̀, mo wọ agbádá. Múfú awakọ̀ ti tan mọ́tò sílẹ̀ lẹ́nu géètì nígbà tí fóònù dún.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀. Ìyá mi ní ẹ ti múra. Ọ̀la ni o!"

"Ìwọ lo ní ọjọ́ mẹ́jọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọjọ́ tí mo pè yín, n ò kà á mọ́ ọn."

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń kà á níbí ni, Bàbá mi." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú."

"Bátìrì rẹ ńkọ́?"

"Ó kún. Kí ló dé?"

"Kò sí," mo ní. "Má jẹ́ kó kú."

Mo ní kí Múfú pa mọ́tò. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. "A ó ti ṣe iyán yìí sí?" ó béèrè. Mo ní kó gbé e wá. Múfú jẹ níbẹ̀, àwa náà jẹ. Ẹ̀yin lẹ bi mí ìdí tí mo fi wọ agbádá jókòó síbí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Iyán ti tán. Ọbẹ̀ ṣẹ́ kù, ìdajì ìkòkò.