Iwe Inú Àpáàdì

“Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o,” ni Àlàájì Làsísì, onílé, wí, ó sì fi ọwọ́ jálábíà rẹ̀ bo imú.

Ìgbẹ́ náà wà lójú àtẹ̀gùn gan-an, níwájú yàrá Sùlíyá. Ó pọ̀ tó ti àgbàlagbà ènìyàn, ó dúdú, ó ń dán, irun eku àti ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sì yọrí nínú rẹ̀. Ká ní òórùn ìgbẹ́ lásán ni, ara ì bá gbà á. Ẹni tó bá gbóòórùn èyí á rò pé wọ́n da lọ́fínńdà sórí òkú eku ni. Sùlíyá ti mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ó fẹ́ kó o, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ni èébì ń gbé e.

“Pẹ́pẹ́yẹ mi nìyẹn,” Sọ̀fíyàt tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ fi igi tọ́ka sí ìyẹ́ náà. “Èyí tó ń sàba. Akátá ti jẹ ẹ́ tán.”

“Akátá kẹ̀?” Abdulazeez, ọkọ Sùlíyá, fi ẹ̀rín sí i. “Ṣé àwọn tó ti Amẹ́ríkà dé náà ló wá ń yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà wa ní Agége?”

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

“Ẹtà ni.” Inú yàrá ni ohùn náà ti wá. Ìyá Abdulazeez ni. Ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá lẹ́yìn ọdún Iléyá láti wá tọ́jú ojú, kò sì tíì padà. “Ojú kan ni ẹtà máa ń yàgbẹ́ sí. Bó bá ti rí ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti dá a lójú, kò ní lọ mọ́.”

“Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí àgbà wí?” Àlàájì Làsísì ní. “Oúnjẹ. Ẹbọ tí ẹnì kan ń gbé sí ẹ̀yìn ògiri ló ń pè é wá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ilé yìí ni ẹni náà ń gbé. Èmi ti dé Mẹ́kà, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ẹbọ ba ilé mi jẹ́. Ọjọ́ tí mo bá mọ̀ ọ́n ni yóò wá ilé míì lọ.”

Bó ti ń sọ ọ́ ni Sọ̀fíyàt ń wo bàtà rọ́bà Sùlíyá, èyí tí ẹ̀jẹ̀ adìyẹ gbẹ mọ́ létí. Sùlíyá rí i. Kò sí ẹni tí kò rí i.

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan wà lẹ́yìn ilé náà, tó ti kógbá wọlé kí Sùlíyá tó mọ Èkó. Igbó ti bò ó dé òrùlé, ògiri rẹ̀ sì ti ya níbì kan tí èèyàn lè gbà kọjá lọ sójú irin rélùwéè. Lẹ́nu ibi tó ya yìí ni wọ́n ti máa ń rí àpáàdì, tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀, tí epo pupa ń ṣàn létí rẹ̀. Oúnjẹ nínú àpáàdì, lẹ́bàá ọ̀nà: ta ni yóò sọ fún ọmọ Yorùbá pé ẹbọ kọ́? Àwọn tó ń kó pàǹtí gan-an a ti kẹ̀kẹ́ wọn yà fún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kẹ̀ síbẹ̀, tó ń yọ ìdin, tí ẹtà ń wá lá a.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìyẹ, lápá Ọ̀gbà, ni Sùlíyá ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí tábìlì ìfun ló máa ń dúró sí. Ó ti fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́, ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó tilẹ̀ ti fi kẹrosíìnì pa á. Òórùn náà kò kúrò lábẹ́ èékánná. Nínú ọkọ̀, àwọn èèyàn a máa rọra sún fún un. Ó ti mọ́ ọn lára, tàbí ká sọ pé ó ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe bí ẹni tó ti mọ́ lára.

Ohun kan tó dùn mọ́ ọn nínú iṣẹ́ náà ni iwe adìyẹ tí wọ́n máa ń fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iwe kì í ṣe ẹran ọmọdé. Àgbà ilé là ń bù ú fún. Láti ìgbà tí Ìyá ti dé, òun nìkan ni Sùlíyá ń fi iwe sí oúnjẹ rẹ̀. Ó máa ń la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin láì já a tán, kó lè ṣí bí òdòdó nínú epo. Àrà ọwọ́ tirẹ̀ ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń ṣe iwe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìyá a fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo. “Ó dùn-ún wò, ìyàwó mi. Jẹ́ kí n gbé e wọ yàrá, kí n rọra jẹ ẹ́.” Àwo náà a padà wá ní fífọ̀, á mọ́ tónítóní. Inú Sùlíyá a dùn. Ìyá ọkọ mélòó ló ń fọ àwo fún ìyàwó?

Láàrin ọ̀sẹ̀ náà, bí ilẹ̀ ti ń mọ́ lọ́jọ́ kan, Sùlíyá gba ibi tí ògiri ya lọ síbi iṣẹ́. Ó di imú, ó yíjú kúrò lápá ibi tí àpáàdì wà. Òórùn lọ́fínńdà burúkú yẹn ló kọ́kọ́ dé, kí ẹranko náà fúnra rẹ̀ tó jáde nínú koríko. Ó ga tó ajá, ó sì gùn jù ú lọ. Àwọ̀ eérú ni, tòun ti àmì tótòtó, dúdú sì yí ojú rẹ̀ po bí ẹni tó ń lọ jalè. Sùlíyá rò pé yóò sá. Kò sá. Ó rìn wá tààrà, ó fi imú kan bàtà rọ́bà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a.

Ahọ́n náà ń ha rọ́bà, itọ́ ń fà. Sùlíyá rí ìdin kan tó lẹ̀ mọ́ irun ẹnu rẹ̀, ìríra sì bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó burú jù ni bí ẹranko náà ṣe gbójú sókè wò ó, bí ẹni tó ti ń jẹun ọwọ́ rẹ̀ tipẹ́.

“Kúrò lára mi,” ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ kò jáde ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹtà yí padà, ó wọ igbó láì kánjú. Nígbà tí Sùlíyá bojú wẹ̀yìn, Sọ̀fíyàt dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi.

Kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ ti kún ilé. Sọ̀fíyàt ní ẹtà ń lá ẹsẹ̀ Sùlíyá bí ajá tó rí olówó rẹ̀, Sùlíyá sì bá a sọ̀rọ̀, ó gbọ́. Àlàájì Làsísì pe Abdulazeez sí kọ̀rọ̀. Ó ní torí òun bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ ni òun kò ṣe pariwo, àmọ́ kí wọ́n wá ilé míì kí oṣù tó parí.

“Sùlíyá, sọ òótọ́ fún mi,” Abdulazeez wí, nígbà tí ìyá rẹ̀ ti wọlé. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. “Ṣé ẹnì kan ló ní kí o máa gbé nǹkan síbẹ̀? Nítorí ọmọ tí à ń wá?”

“Ẹ̀yin náà?” Sùlíyá ní. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n tètè jọ̀wọ́ wọn níbi iṣẹ́. Sùlíyá kò yà wọlé. Ibi àpáàdì ló lọ tààrà. Bí ẹbọ bá máa lé òun nílé, kí òun kúkú fojú rí ẹbọ náà. Ó di èémí mú, ó bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì ni, eṣinṣin bò ó. Ó fi igi rú u. Iwe kan yọ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n là á sí mẹ́rin láì já a tán, ó ṣí bí òdòdó nínú epo tí òun fúnra rẹ̀ yọ́ lánàá.

Igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ó ń dúró.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun Mọ̀gàríbì, Ìyá yọ. Ó fi ìborùn bo àwo oúnjẹ tí Sùlíyá sè sílẹ̀ fún un láàárọ̀. Ó wò yíká, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní “Bìsìmílááì,” ó sì rọra yí oúnjẹ náà sínú àpáàdì bí ẹni tó ń bù fún àlejò.

“Ìyá.”

Àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà.

“A kì í da oúnjẹ Ọlọ́run sílẹ̀ẹ́lẹ̀,” ló kọ́kọ́ wí, bí ẹni pé ohun tí wọ́n bi í nìyẹn. “Ìdí tí mo fi wá àpáàdì nìyẹn.”

“Kí ló ṣe oúnjẹ mi?”

Ìyá ń wolẹ̀. “Oúnjẹ rẹ dára. Ọwọ́ rẹ ni, ọmọ mi. Òórùn ìfun adìyẹ yẹn. Bí mo bá ti gbé òkèlè súnmọ́ ẹnu, inú mi á ru. Mo gbìyànjú. Ọlọ́run mọ̀ pé mo gbìyànjú.”

“Kí lẹ wá ń jẹ?”

“Gàrí. Mo máa ń fi kúlíkúlí sí i.”

Ẹranko tó ń jẹ ìdin kò rí nǹkan tó burú lọ́wọ́ Sùlíyá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló rí i. Inú bí i, àmọ́ ìríra ló pọ̀ jù nínú ìbínú náà. Ẹnu dídùn yẹn ń kó o nírìíra. Àwo fífọ̀ yẹn ń kó o nírìíra. Ẹsẹ̀ ró lẹ́yìn wọn.

“Ẹ wá wò ó, Àlàájì,” ni ohùn Sọ̀fíyàt. “Ọwọ́ ti bà á.”

Àlàájì Làsísì, tó ń lọ kírun, dúró. Ó wo Sùlíyá, ó wo àpáàdì. “Kí nìyẹn, Sùlíyá?”

Ìyá yára sún sẹ́yìn. Àwo ti wà lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni Sùlíyá nílò: ìyá ọkọ mi ni. Ó ti dé ètè rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ìyá àgbà tó di àwo mú lábẹ́ aṣọ, ó sì gbé gbólóhùn náà mì. Ó kúnlẹ̀ ti àpáàdì, ó mú iwe tó wà lókè pátápátá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú àwo bọ́ síbẹ̀, ó fi sẹ́nu.

Sọ̀fíyàt di orí mú. Sùlíyá ń jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ náà dùn, àmọ́ lábẹ́ adùn rẹ̀ ó ń tọ́ èéfín àpáàdì wò, ó ń tọ́ itọ́ ẹtà wò, ó sì fi tipátipá gbé e mì.

“Àlàájì, ta ni yóò rúbọ tán tí yóò tún jẹ ẹ́? Oúnjẹ ilé wa ni. Èmi ni mo sè é. Ó ń ṣẹ́kù ni, a ò sì fẹ́ dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A ṣàṣìṣe. Ẹ má bínú sí wa.”

Àlàájì Làsísì wo Ìyá. Ohun tó rí lójú rẹ̀, kò sọ ọ́.

“Ẹ fọ́ àpáàdì yẹn,” ó ní níkẹyìn. “Bí oúnjẹ bá ń ṣẹ́kù, àwọn ọmọ kéú wà ní mọ́ṣáláṣí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ ẹranko lẹ́yìn ilé mi mọ́. Sọ̀fíyàt, ó yá, máa lọ. Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá ilé míì ti parí.”

Sùlíyá kò dé yàrá kó tó bì. Ìyá bu omi wá. Kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Sùlíyá rí ẹtà láti ojú fèrèsé. Ó ń lá ilẹ̀ tí àpáàdì ti kúrò. Ó lá a títí, kò rí nǹkan, ó lọ. Lọ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò rán Ìyá níṣẹ́ tó fi wọ ilé ìdáná. Ó ro ẹ̀bà, ó se ọbẹ̀ ilá, ó gbé e wá síwájú Sùlíyá. Sùlíyá wo ọwọ́ tó gbé àwo náà. Ọwọ́ tó ń tọ́jú àpáàdì nìyẹn. Ó wo bí ilá ṣe ń yọ̀, ó sì rántí itọ́ tó ń fà lára rọ́bà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo.

“Ó dùn-ún wò, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n gbé e wọ yàrá, kí n rọra jẹ ẹ́.”

Ìyá gbórí sókè. Ó na ọwọ́, ó tẹ ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jókòó sí.

“Gbé e wá síbí. Ká jọ jẹ ẹ́.”

Sùlíyá jókòó. Kò wá ọsàn wẹ́wẹ́. Ó kàn fi omi ṣan ọwọ́. Ìyá bu òkèlè níbi tí ọwọ́ Sùlíyá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, omi lé sí i. Sùlíyá ń wo ọ̀fun rẹ̀ títí òkèlè náà fi lọ. Lẹ́yìn náà ló bu tirẹ̀.